Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Sáfà Yín Dání?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bukuru, ẹ̀yin ti Jos, ẹ̀yin ti Vom àti Barkin Ladi, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí àwọn bàbá yín ti ń tajà lórí òkè yìí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dárúkọ kọ̀ǹpútà yìí, ọwọ́ ẹnì kan ti ń lọ síbi tí wọ́n ti ń yí rédíò sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Ojú irin ni màá kọ́kọ́ mú yín gbà.

Ojú irin méjì ló ti wọ Bukuru rí. Nítorí tíìnì tí àwọn òyìnbó ń wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n ṣe la àkọ́kọ́, láti Zaria wá sí Jos títí dé Bukuru níbí, ní nǹkan bí ọdún 1914. Ojú irin kékeré ni. Àlàfo tó wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ lọ. Èyí tí ìjọba là láti Èkó lọ sí Kano, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ ni tirẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹsẹ̀ bàtà kan péré ni ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ẹsẹ̀ bàtà kan yẹn, kò sí ọkọ̀ tó gbéra ní Bukuru tó lè wọ Èkó. Bí ẹrù bá dé Zaria, wọ́n á já a kúrò nínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n á tún un dì sínú ọkọ̀ ńlá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lọ́dọọdún. Ní 1927, ojú irin ńlá fúnra rẹ̀ gba Kafanchan gòkè wá síbí. Láti ìgbà náà ni kékeré ti di àpatì, wọ́n sì ti í pa pátápátá ní 1957. Irin rẹ̀ kò jẹrà. Ọkọ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́. Ohun tó pa á ni pé kò bá ti ẹlòmíràn mu, àwọn tó ni ín sì ti rí ibòmíràn náwó sí.

Ẹ fi ìtàn yẹn sápò. A máa padà sí i.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí mo ní mo gbé wá, sáfà ni. Kì í ṣe nǹkan abàmì. Kọ̀ǹpútà ni, àmọ́ kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù nínú ilé máa ń wá bá láti gba nǹkan tàbí láti fi nǹkan pamọ́. Bí ilé-ìwé yín bá ní ẹ̀rọ kan tí èsì ìdánwò gbogbo ọmọ wà nínú rẹ̀, sáfà nìyẹn. Bí ilé ìwòsàn bá ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ti ń wá káàdì aláìsàn, tàbí tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá ní èyí tí owó ìdákówó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà lákọsílẹ̀ nínú rẹ̀, bákan náà ni. Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ àlòkù tí ẹ rà lọ́jà, tó wà lábẹ́ tábìlì akọ̀wé, tí eruku ti bò. Nínú rẹ̀ ni ètò ìpìlẹ̀ wà, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká ni Windows. Lórí sáfà, ètò mìíràn pọ̀ ju Windows lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kì í san kọ́bọ̀ lé lórí, àwọn ènìyàn tó pa ọwọ́ pọ̀ káàkiri ayé ló sì ń tọ́jú wọn. Èwo nínú wọn ni kí ìlú bíi tiwa mú? Ohun tí mo wá sọ nìyẹn.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n yin Bukuru díẹ̀. Sáfà kò fẹ́ ooru. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Èkó ń náwó gọbọi lórí ẹ̀rọ amúlétutù tọ̀sán tòru. Àwa tí a wà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ẹsẹ̀ bàtà sókè ju òkun lọ, fèrèsé la máa ń ṣí. Ti iná ńkọ́? Láti 1929 ni ilé iṣẹ́ NESCO ti ń fi omi Kurra ṣe iná fún àwọn tó ń wa tíìnì, iná náà sì ń dé ọ̀dọ̀ wa títí di òní. Mi ò sọ pé iná kì í lọ o! Mo mọ̀, ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tó ní atẹ́gùn tútù, tó sì ní iná tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìjọba, ó sàn fún sáfà ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ.

Ẹni tó bá sì rò pé sáfà kò wúlò níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ́n gógó, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Jos. Ará Amẹ́ríkà kan, Cliff Missen, wá ṣe olùkọ́ níbẹ̀, ó sì fojú ara rẹ̀ rí bí ojú ìwé kan ṣoṣo ṣe máa ń pẹ́ kó tó ṣí. Nígbà tó padà sí Yunifásítì Iowa, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní WiderNet sílẹ̀. Wọ́n ń gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ìwé àti ìmọ̀ lórí ayélujára, wọ́n ń kó o sínú dísìkì ńlá, wọ́n ń gbé e wá fún àwọn ilé-ìwé. eGranary ni wọ́n pè é, bí ẹni ń sọ pé àká ìmọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ bọ́tìnnì, ìwé á jáde wéré, láìsan owó dátà kankan. Sáfà tó wà nínú ilé ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ó dáa. Ètò ìpìlẹ̀ wo ló yẹ kó wà nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ́fíìsì kéékèèké wa ni Windows tí ẹnì kan mú wá lórí fláàṣì, tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀. Ọ̀fẹ́ là ń pe ìyẹn. Kì í ṣe ọ̀fẹ́, olè ni. Ẹni tó já àgádágodo náà kì í sì í sábà fi ọwọ́ òfo jáde nínú ilé; ó lè ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan sílẹ̀ tí ẹ ò mọ̀. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wá ti gbogbo fáìlì yín mọ́lé, tí wọ́n ní kí ẹ lọ san owó kí wọ́n tó ṣí i, ta lẹ fẹ́ fi ẹjọ́ náà sùn?

Linux ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, ó gbé kóòdù rẹ̀ síta pé kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá bá òun tún un ṣe. Láti ìgbà yẹn, àwọn tó ń fọwọ́ kún un kò lóǹkà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ṣe oko rí, àáró ni. Lónìí oko Àkàndé, lọ́la oko Àjàní. Kò sẹ́ni tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹnì kejì, ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ́ ló ń ro, gbogbo èbè ló ń dìde. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, àáró kò dúró.

Ẹ má fi àáró wé sàráà. Sàráà dára, Ọlọ́run á gbà á. Àmọ́ ẹni tó ń ṣe sàráà ló mọ ọjọ́ tí yóò ṣe é, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń gbà á kò lè lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kó ní, “Èéṣe tẹ́ ẹ ò gbé e wá lónìí?” Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa yíyan ètò ìpìlẹ̀ tí a kò rà, orí ìbéèrè yìí ló dúró lé: ṣé sàráà ni àbí àáró? Owó méjèèjì kan náà ni, òdo náírà.

Bí a ṣe ń dá àáró nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ ò ní láti lọ sí Helsinki kẹ́ ẹ tó rí i. Ní Kafanchan, níbi tí ojú irin ńlá ti yà wá sọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ ojú irin ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ń ṣe jẹun tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dẹ́kun rírìn, ọ̀nà oúnjẹ wọn dí. John Dada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Fantsuam Foundation sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1996. Ní 2006, àwọn yẹn náà ló gbé Zittnet dìde, íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní wáyà, fún àwọn ènìyàn ìgbèríko tí ilé iṣẹ́ ńlá kankan kò bojú wò. Ará ìlú ló ri òpó, ará ìlú ló ń tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá gbọ́ ìtàn tó mú mi wá sórí afẹ́fẹ́ lónìí.

Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Red Hat. Fìlà pupa ni ìtumọ̀ rẹ̀. Marc Ewing, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, ló máa ń dé fìlà pupa bàbá àgbà rẹ̀ káàkiri yunifásítì, àwọn tó ní ìṣòro kọ̀ǹpútà a sì máa sọ fún ara wọn pé kí wọ́n lọ wá onífìlà pupa. Ilé iṣẹ́ yìí ń to Linux jọ fún àwọn báńkì, ọmọ ogun, àti ìjọba, ó ń fi ọdún mẹ́wàá gbáko tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gba owó lórí ìtọ́jú náà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìwé àṣẹ Linux sọ pé ẹni tó bá fún ènìyàn ní ètò náà gbọ́dọ̀ fún un ní kóòdù rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, àwọn kan máa ń kó kóòdù Red Hat, wọn a tú àmì fìlà pupa kúrò lára rẹ̀, wọn a tún un rán látìbẹ̀rẹ̀, wọn a sì fi í ta ayé lọ́rẹ. Bí téílọ̀ tó rí agbádá ẹlòmíràn, tó rán irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, àfi orúkọ tó wà lọ́rùn nìkan. Nínú gbogbo wọn, CentOS ló gbajúmọ̀ jù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Ohunkóhun tó bá lè ṣiṣẹ́ lórí Red Hat ló ń ṣiṣẹ́ lórí CentOS. Ojú irin kan náà ni, ìbú kan náà. Ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo ayé fẹ́ràn rẹ̀.

Àmì àkọ́kọ́ hàn ní 2009, a ò sì kọbi ara sí i. Ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn olùdásílẹ̀ ni orúkọ CentOS lórí ayélujára wà lọ́wọ́ rẹ̀, àpò owó ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Ẹni yìí dákẹ́. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Nígbà tó di oṣù Keje, àwọn yòókù kọ lẹ́tà ìta gbangba sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí akápò rẹ̀ ti gbé kọ́kọ́rọ́ rìnrìn àjò rí, ẹ mọ irú oorun tí wọ́n sùn lọ́jọ́ náà. Wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Iṣẹ́ tẹ̀síwájú. Kò sẹ́ni tó tún bi ara rẹ̀ pé ta ló mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Ní oṣù Kínní 2014, Red Hat fúnra rẹ̀ gba CentOS mọ́ra. Ó ń sanwó fún àwọn tó ń ṣe é, orúkọ náà sì di tirẹ̀. Inú wa dùn! Ọlọ́rọ̀ ti wá bá wa dá àáró. Ní 2019, IBM ra Red Hat ní bílíọ̀nù 34 owó dọ́là. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni CentOS 8 jáde, wọ́n sì ní àwọn yóò tọ́jú rẹ̀ di 2029.

Mo gbà wọ́n gbọ́. Ní 2020, mo to sáfà kan fún ilé-ìwé kan níbí ní Bukuru. Ìyá àgbàlagbà kan ló ni ilé-ìwé náà, obìnrin tó ti fi ogójì ọdún tajà kó tó kọ́ ilé-ìwé, ẹni tí ènìyàn kò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn rẹ́ jẹ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé fún un pé CentOS 8 ni mo fi síbẹ̀, kò ní ná an ní kọ́bọ̀, ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ di 2029. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún náà, ìkéde jáde pé CentOS 8 yóò kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2021. Wọ́n gé ohun tó ju ọdún méje lọ kúrò lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, CentOS Stream, kì í ṣe agbádá tí wọ́n ti rán tán mọ́. Èyí tí téílọ̀ ṣì ń wọ̀n lọ́wọ́ ni.

Mo lọ bá ìyá náà. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Màmá, nǹkan kan ti yí padà lórí ẹ̀rọ yẹn o. Ọdún tó ń bọ̀ ni wọn yóò dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró.”

Wọ́n yọ awò ojú wọn. “Ṣé 2029 ti pé ni?”

“Rárá, Màmá. Àwọn tó ni ín ló yí i padà.”

“Àwọn tó ni ín?” Wọ́n wò mí títí. “Ọmọ mi, ìwọ lo sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó ni ín.”

Mi ò rí nǹkan sọ. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí CentOS ti ní olówó kí n tó fi í sílé wọn, èmi tí mo ń pe ara mi ní amòye ni kò wádìí.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Láàárín wákàtí díẹ̀ tí ìkéde náà jáde, Gregory Kurtzer, tó wà lára àwọn tó dá CentOS sílẹ̀, sọ pé òun yóò ṣe òmíràn. Rocky Linux ló pè é, ní ìrántí Rocky McGaugh tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ CentOS, tó ti di olóògbé. Àwa tí a ń sọ ọmọ ní Babátúndé, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ yé wa. Àwọn mìíràn tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ CloudLinux, gbé AlmaLinux jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2021. Alma ni àwọn ará Sípéènì ń pe ọkàn. Rocky tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà. Méjèèjì ló ní ojú irin Red Hat, ìbú kan náà.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé Màmá nìyí. Àwọn AlmaLinux ti kọ ètò kékeré kan tó ń yí CentOS padà sí Alma láìpa ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́. Mo ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì pamọ́ sórí dísìkì méjì, mo gbàdúrà, mo tẹ̀ ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ kan ló gbà. Èsì ìdánwò wà níbẹ̀, owó ilé-ìwé wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ tí wọ́n wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ rántí Zaria, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù tí wọ́n ń tún un dì. Nítorí pé ìbú irin bára mu, èmi kò já ẹrù kankan. Orí ọkọ̀ nìkan ni mo pààrọ̀. Màmá ní, “Ta ló wá ni èyí?” Lọ́jọ́ yẹn, mo ti lọ kà á kí n tó wá.

Ìdáhùn tí mo fún wọn ni mo fẹ́ fún ẹ̀yin náà. Àjọ kan tí kì í ṣe ti èrè ló ni AlmaLinux. CloudLinux ṣèlérí mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dọọdún fún un, ṣùgbọ́n ó kó orúkọ àti ohun ìní rẹ̀ lé àjọ náà lọ́wọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló sì ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀. Ti Rocky yàtọ̀ díẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí òfin ìpínlẹ̀ Delaware ní Amẹ́ríkà ní kó máa ṣiṣẹ́ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn ló ni ín, Kurtzer ló dá a sílẹ̀, ilé iṣẹ́ mìíràn tí òun náà dá sílẹ̀, CIQ, sì wà lára àwọn tó ń fi owó gbé e ró. Iṣẹ́ wọn dára, mo sì gbà pé ènìyàn rere ni. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tí CentOS ti jó lára ni mo fi ń wò ó, mo sì fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àwọn tó pọ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi dán wọn wò. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 2023, ọdún méjì gééré tí Rocky ti dé, Red Hat ní àwọn kò ní gbé kóòdù ètò wọn síta gbangba mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ti CentOS Stream nìkan ló kù níta. Rocky wá ọ̀nà mìíràn tí yóò fi máa rí kóòdù náà, CIQ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Oracle àti ti SUSE sì dá ẹgbẹ́ OpenELA sílẹ̀ lóṣù Kẹjọ. AlmaLinux ní kò pọn dandan kí agbádá tiwọn ní okùn kan náà pẹ̀lú ti Red Hat, ohun tó bá ṣáà ti lè ṣiṣẹ́ lórí ti Red Hat yóò ṣiṣẹ́ lórí tiwọn. Ìyẹn ni pé ìbú irin ni wọ́n dì mú, wọ́n jọ̀wọ́ àwọ̀. Lójú mi, ìdáhùn tó bọ́gbọ́n mu jù lọ nìyẹn.

Mo ti ń gbọ́ ẹnì kan tó ń sọ níbi tó jókòó sí pé, “Debian ńkọ́?” Mo ń bọ̀. Debian ni àgbà wọn. Ian Murdock ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1993, ó so orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ Debra pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Wọn kò wà papọ̀ mọ́ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, Ian pàápàá ti kú ní 2015, síbẹ̀ Debian ń lọ bí omi odò. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ni ín. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé ló ń tọ́jú rẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń dìbò yan olórí, láti 1997 ni wọ́n sì ti ní ìwé májẹ̀mú kan tó sọ pé Debian kò ní kúrò lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn láé. Bí bílíọ̀nù 34 dọ́là bá délẹ̀ lọ́la, kò sẹ́ni tí olówó náà lè gbé e fún. Àáró pọ́ńbélé ni.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni ọjọ́ orí. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà Debian kọ̀ọ̀kan, Alma àti Rocky ń ṣe mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń lo Debian gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa bá a ṣí lọ sí ẹ̀dà tuntun, kò sì lè sùn gbàgbé. Ìbú irin rẹ̀ náà yàtọ̀ sí ti Red Hat.

Ubuntu ńkọ́? Láti ara Debian ló ti jáde, ní 2004, Mark Shuttleworth ọmọ South Africa ló gbé e kalẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ènìyàn laṣọ mi. Àwọn tó ṣe yunifásítì láyé ìgbà yẹn á rántí pé èèyàn a kọ̀wé sí wọn, wọn a sì fi síídì ránṣẹ́ láti òkè òkun, ọ̀fẹ́, títí di 2011. Síídì yẹn ni mo fi kọ́ iṣẹ́. Mi ò lè bú u láé. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan, Canonical, ló ni ín, ẹ sì ti mọ orúkọ tí mo ń pe irú oore bẹ́ẹ̀.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá mú? Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí sáfà fẹ́ ṣe. Bí ètò ilé ìwòsàn, ti báńkì kékeré tàbí ti ìṣirò owó tí ẹ rà bá sọ pé Red Hat lòun mọ̀, ẹ mú AlmaLinux, ẹ má da ara yín láàmú. Bó bá jẹ́ fáìlì, èsì ọmọ ilé-ìwé, ìkàwé inú ilé, ojú ìwé ayélujára ni, tí ẹ sì ní ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, Debian ni mo gbà yín níyànjú. Bí ètò tí ẹ rà bá sì jẹ́ Windows nìkan ló lè ṣiṣẹ́ lé lórí, ẹ ra Windows. Mo ní ẹ rà á.

Ọ̀rọ̀ dátà ń dun gbogbo wa. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ mẹ́wàá, ẹ má jẹ́ kí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá máa lọ gba àtúnṣe láti òkè òkun. Kí sáfà gbà á lẹ́ẹ̀kan lóru, kó pín in fún àwọn yòókù lówùúrọ̀. Linux gbà wá láyè láti ṣe èyí láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kẹ́ ẹ sì rántí akápò 2009: ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ pásíwọọ̀dù. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ fi í sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́, kó wà níbi tí ìwé ilẹ̀ yín wà. Ọmọ tó ń tọ́jú sáfà yín lè rí físà lọ́la, a ó sì bá a yọ̀.

Lọ́la, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ pe ẹni tó ń tọ́jú sáfà yín. Ẹ ní kó jókòó sídìí rẹ̀, kó tẹ cat, kó fi àlàfo sílẹ̀, kó tẹ /etc/os-release. Orúkọ ètò ìpìlẹ̀ náà á jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Bó bá jẹ́ CentOS 8, láti òpin 2021 ni kò ti rí ìtọ́jú gbà mọ́. Bó bá jẹ́ CentOS 7, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2024 ni tirẹ̀ parí, ilẹ̀kùn ilé yín sì ti wà ní ṣíṣí láti ọjọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí oṣù yìí parí kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín lọ́nà méjì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.